Sẹ́ńsọ̀ mi ò tètè rí alumíníọ̀mù, ẹ gbà mí o

Ọmọ Ìkòròdú, Manchester: Ẹ̀yin ará ilé ẹ kú alẹ́ o, ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n. Mo so sẹ́ńsọ̀ proximity M12 (èyí tó ń mọ̀ tí irin bá sún mọ́ ọn, láìfara kàn án) mọ́ ẹ̀gbẹ́ spindle, orí tó ń yí irinṣẹ́, lára CNC mi, maṣíìnì tí kọ̀ǹpútà ń darí, kó lè máa bá mi wọn bó ṣe jìn sí iṣẹ́, milimítà 4 ni wọ́n kọ sí i lára, mo wá tẹ́ alumíníọ̀mù sábẹ́ ẹ̀, kò dúró o, ó lọ gbá a gbàà, ojú sẹ́ńsọ̀ ti fọ́. Ọ̀la loníṣẹ́ ń bọ̀. Kí ni kí n rà?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Houston: Pẹ̀lẹ́ àbúrò. Irin gidi ni wọ́n fi wọn 4 yẹn. Tó bá di alumíníọ̀mù, bíi ìdá 0.4 ẹ̀ ló kù, ìyẹn milimítà 1.6. Ti bàbà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Idẹ ló kọ́ èmi lọ́gbọ́n, owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ló bá a lọ.

Ọmọ Àgbádárìgì, Toronto: Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbà. Eré tó sá ló fọ́ ọ. Tó bá ti rí i, kó fà sẹ́yìn, kó wá rọra padà. Ẹ sì lo NC o, èyí tí iná ń gba inú ẹ̀ kọjá títí á fi rí irin! NO ni mo lò, èyí tí iná kì í kọjá nínú ẹ̀ àfi tó bá rí irin, ẹ̀rúnrún irin gé wáyà dúdú, maṣíìnì ò mọ̀, ó lọ forí sọ òpin rélì.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Houston: Eré kọ́! Kó rìn bí ìgbín, nọ́ńbà 4 tó wà lára ẹ̀ á ṣì fi milimítà 2.4 yẹ̀.

Àǹtí Ìkòròdú, Jámánì: Ẹ sinmi ná. Sẹ́ńsọ̀ tó o lò yẹn, “mo rí i,” “mi ò rí i,” kò mọ̀ ju ìyẹn lọ. Tó bá jẹ́ wíwọ̀n lo fẹ́, ra èyí tó ń gbé 0 sí 10 fóltì jáde, àbí 4 sí 20 mA (mílíámpù), ìwọ̀nba milimítà náà ló ń rí. Ṣé bọ́ọ̀dù tó ń darí maṣíìnì ẹ ń gba analog ṣá, iná tó ń pọ̀ tó ń dín bí iṣẹ́ bá ṣe jìn sí?

Ọmọ Àgbádárìgì, Toronto: Ẹ̀yin Ìkòròdú lẹ kúkú mọ à ń rọra lọ, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 ti kọ́ yín 😂

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Houston: Ẹ dá onígbó àgbọn lóhùn. Àwa la lẹ́ja.

Àǹtí Ìkòròdú, Jámánì: Ẹ má dárúkọ ẹja. Mo rin ewùrà lánàá, mo fi se ìkọ́kọrẹ́, kò dì, ẹja inú fírísà yìí ò sì ní òórùn kankan. Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀, tí ẹja ṣì ń jà nínú ọpọ́n, omi á máa ta síni láṣọ.

Ọmọ Ìkòròdú, Manchester: Àǹtí, ẹ bu díẹ̀ fi ránṣẹ́ jàre. Mò ń wá ìwé bọ́ọ̀dù náà.