Kí ló dé tí ọ̀nà Rondônia rí bí egungun ẹja?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Nínú àwòrán sátẹ́láìtì, ọ̀nà Rondônia, ní ẹgàn Amazon ti Brazil, tò bí egungun ẹja. Ta ló là wọ́n bẹ́ẹ̀? Kí sì ló dé tí ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀ fi ta ilẹ̀ wọn?

Èsì kìíní
Bí wọ́n ṣe wọn ilẹ̀ ló fà á. Lẹ́yìn 1970, INCRA, àjọ ìjọba tó ń pín ilẹ̀, sábà máa ń fún ìdílé kan ní hẹ́kítà 100: mítà 500 lójú ọ̀nà, mítà 2,000 wọnú igbó. Ìpín méjì kọ ẹ̀yìn síra, ọ̀nà kan sí èkejì wá di kìlómítà 4. Rúlà ni wọ́n fi fa ìlà yẹn lórí ìwé, wọn ò wo odò, wọn ò wo òkè; ìpín mìíràn ò lómi rárá.

Títì BR-364, láti ìlú Cuiabá dé Porto Velho, olú-ìlú Rondônia, ni ọ̀pá ẹ̀yìn ẹja náà. Owó tí Báǹkì Àgbáyé yá ìjọba Brazil wà lára èyí tí wọ́n fi dà á lọ́dà tán ní 1984, ni èrò bá ń ya wọlé. Àwọn ará Paraná, ní gúúsù Brazil, pọ̀ nínú wọn: òtútù pa kọfí wọn ní 1975, oko sóyà onítírákítọ̀ sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ alágbàṣe. Àmọ́ àwọn ẹ̀ka ọ̀nà ò rí ọ̀dà. Bí òjò bá dé, ẹrẹ̀ ni gbogbo wọn, ìrẹsì á wà lóko láìrí ọkọ̀ gbé e.

Èsì kejì
Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ilẹ̀ gan-an ló lé wọn. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀, ara igi ni ọ̀rá rẹ̀ wà. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣán abẹ́ igbó, kí wọ́n tó wó igi ńlá lé e. Kí gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn kó lè gbẹ, kí wọ́n sì dáná sun ún ní oṣù Kẹjọ sí Kẹsàn-án. Ẹni tó bá pẹ́ gé, iná á kàn rá ewé lásán. Á wá máa ṣa àjókù igi jọ, á tún un sun, òjò á sì ká a mọ́bẹ̀. Eérú ń bọ́ ìrẹsì àti àgbàdo fún ọdún méjì sí mẹ́ta péré, lẹ́yìn náà ilẹ̀ á ṣá, koríko á gbà á. Ẹni tí kòkó tàbí kọfí rẹ̀ ò tíì so nígbà yẹn, pápá màlúù ló kù. Ìjọba pàápàá ka igbó tí èèyàn gé sí ẹ̀rí pé ó ń lo ilẹ̀ náà!

Èsì kẹta
Ibà ńkọ́? Níbi tí títì bá ti dínà odò, omi á dúró, ibẹ̀ sì ni ẹ̀fọn Anopheles darlingi ń yé sí. Nígbà yẹn, ara ògiri ni wọ́n ń fọ́n DDT, oògùn apẹ̀fọn, sí, bẹ́ẹ̀ ilé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, òpó àti imọ̀ ọ̀pẹ lásán ni. Bí ibà bá dá baálé wólẹ̀ lásìkò gígé igbó, kò sí oko sísun, kò sí ìrẹsì lọ́dún náà, gbèsè sì wà nílẹ̀. Ọlọ́màlúù á ra ìpín rẹ̀. Àgbẹ̀ tó tà á á kówó, á tún wọ ẹgàn mìíràn lọ.