Tútù ni tòmátì yẹn, kò tutù: lórí "ọkọ̀ amúǹkandì"

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá "ọkọ̀ amúǹkandì" fún ọkọ̀ ẹlẹ́rọ òtútù tí wọ́n fi ń kó èso àti ẹ̀fọ́ rin ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì pe ilé tí wọ́n ń kó wọn pamọ́ sí ní "ilé ìmúǹkandì". Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "dì" inú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Ohun tí ó ń ṣàn tàbí tí ó rọ̀ tẹ́lẹ̀ ni a ń sọ pé ó dì: ẹ̀kọ dì, òrí dì, omi dì. Bí tòmátì bá dì, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo gbàgbé díẹ̀ sínú fírísà rí. Nígbà tí yìnyín ara rẹ̀ yọ́, èèpo rẹ̀ hunjọ, omi pupa sì kún abọ́. Kódà, bí òtútù bá ti lọ sí ìsàlẹ̀ dígírì 10, tòmátì tí kò tíì pọ́n kì yóò pọ́n dáadáa mọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ a sì máa dúdú lára ní ìsàlẹ̀ 13.

Ẹ̀gbọ́n fèsì pé "dì" ti "di ẹrù" ni àwọn ní lọ́kàn. Rárá o. "Di ẹrù" ń gba àbọ̀, ìyẹn ohun tí a ń dì. "Dì" tí ó parí "amúǹkandì" kò gba nǹkan kan, ẹrù fúnra rẹ̀ ni ó ń dì. Pé Ẹ̀gbọ́n sọ pé bàbá àwọn kọ́ni ní girama fún ọgbọ̀n ọdún kò yí ìyẹn padà. Ìyá àgbà tèmi náà ta ẹ̀fọ́: wọn a tẹ́ àpò tí wọ́n ti rì sómi sábẹ́ tẹ̀tẹ̀, wọn a sì máa wọ́n omi sí i títí di ìrọ̀lẹ́. Omi àmù wọn a máa tutù nini, n kò sì gbọ́ kí wọ́n sọ lọ́jọ́ kan pé àmù mú omi dì.

"Amúǹkantutù" ni mo fara mọ́, pẹ̀lú ohùn àárín lórí "tu". Ẹni tí ó kọ "amúǹkantútù" ti gbé e lọ síbòmíràn. Tòmátì tí tírélà kó láti Kánò wá sí Mile 12 l'Ékòó, ìrìn nǹkan bí 1,000 kìlómítà, tútù ni, nítorí kò gbẹ, kò sì jinná. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ọwọ́ bọ àárín apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ń gbóná, torí èso tí a ti já ṣì ń mí, mímí yẹn sì ń mú ooru jáde. Tútù ni, kò tutù.

Bí Ẹ̀gbọ́n kò bá sì fẹ́ fi "amúǹkandì" sílẹ̀, kí wọ́n gbé e fún ọkọ̀ tí ń kó ẹja dídì.