Game 7 ọdún 2016: báwo ni Almora ṣe dé béèsì kejì lẹ́yìn tí wọ́n ti mú bọ́ọ̀lù?

ọmọ_àdúgbò:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Lórí Game 7 World Series 2016 ni o, ìyẹn eré keje tó parí àṣekágbá baseball Amẹ́ríkà, èyí tí Chicago Cubs fi 8 sí 7 na Cleveland ní ínínì kẹwàá (nínú ínínì kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ méjèèjì á gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan). Kris Bryant ti Cubs gbá bọ́ọ̀lù sókè réré, Rajai Davis ti Cleveland mú un, Bryant jáde. Síbẹ̀ Albert Almora kúrò ní béèsì kìíní bọ́ sí ìkejì. Ṣé òfin gbà bẹ́ẹ̀? Kí ló sì dé tí Cleveland fi mọ̀ọ́mọ̀ fún Anthony Rizzo, tó kàn láti gbá fún Cubs, ní béèsì lọ́fẹ̀ẹ́? Mo tún rò pé nínú ínínì àfikún, ẹnì kan ti máa ń wà ní béèsì kejì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

ajùsọ́wọ́òsì:
Òfin gbà á. Bí bọ́ọ̀lù bá wà lókè, kí asáré fẹsẹ̀ tẹ béèsì rẹ̀. Gbàrà tí bọ́ọ̀lù bá ti kan ibọ̀wọ́ ẹni tó ń mú un, ó lè ki eré mọ́lẹ̀. Bó bá gbéra ṣáájú, tí wọ́n sì ju bọ́ọ̀lù padà sí béèsì tó fi sílẹ̀ kí ó tó padà débẹ̀, òun náà jáde.

Láti béèsì kìíní, nǹkan yìí ṣọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ asáré á rìn dé ìdajì ọ̀nà, wọ́n á máa wò ó: bọ́ọ̀lù bọ́ sílẹ̀, wọ́n sáré lọ, wọ́n mú un, wọ́n padà. Almora, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rọ́pò Kyle Schwarber, rí i pé Davis ń lọ bá ògiri. Láti ọ̀hún, jíju bọ́ọ̀lù wá sí béèsì kejì jìnnà, ẹsẹ̀bàtà 90 péré sì ni asáré ní láti sá. Ó padà tẹ béèsì, ó dúró, ó gbéra. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni eré ti yí. Ká ní ó ṣì wà ní béèsì kìíní ni, dandan ni kí Cleveland kojú Rizzo.

ìwé_ayò:
Ẹ̀gbọ́n ti la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ti Rizzo: ẹnì kan ti jáde, béèsì kìíní ṣófo. Bí wọ́n bá gbé Rizzo síbẹ̀, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó bá yí nílẹ̀ lè mú ẹni méjì jáde, àyè Cubs láti gbá á sì parí. Nígbà yẹn, Bryan Shaw, ajùbọ́ọ̀lù Cleveland, ṣì ní láti ju bọ́ọ̀lù mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́. 2017 ni wọ́n sọ ọ́ di pé kí akọ́nimọ̀ọ́gbá kàn ṣe àmì.

Ben Zobrist ló bà á jẹ́. Ó ti bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ ìlà òsì, Almora wọlé, 7 sí 6, Rizzo dé béèsì kẹta. Wọ́n tún fún Addison Russell ní ọ̀fẹ́, Miguel Montero gbá tiẹ̀ sí òsì, Rizzo wọlé. Cleveland gba ẹyọ kan padà ní ìsàlẹ̀ ínínì yẹn. Ẹ ṣírò ó: ayò tó já eré náà, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gbé ẹni tó gbà á sórí béèsì. N kò dá Terry Francona, akọ́nimọ̀ọ́gbá Cleveland, lẹ́bi. Shaw ti jù ní ínínì kẹsàn-án, òjò dá eré dúró fún ìṣẹ́jú 17, ó sì tún padà wá jù. Apá ajùbọ́ọ̀lù máa ń tutù láàárín irú àkókò bẹ́ẹ̀.

béèsì_kẹta:
Òfin asáré lórí béèsì kejì, 2020 ló dé, 2023 ni wọ́n sọ ọ́ di títí láé, fún eré àárín sáà nìkan. Kò kan World Series. Níbi tí wọ́n bá ti ń lò ó, ẹni tó ṣáájú onígi (ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù) àkọ́kọ́ nínú ètò gígbá ni wọ́n ń gbé síbẹ̀, a kì í sì í ka ayò rẹ̀ sí ajùbọ́ọ̀lù lọ́rùn.

Ẹ má sì gbàgbé ohun tó gbé wọn dé ínínì kẹwàá. Aroldis Chapman, ajùbọ́ọ̀lù Cubs, ti ju bọ́ọ̀lù 42 ní Game 5, ó ju 20 ní Game 6 nígbà tí Cubs ti ń fi ayò púpọ̀ ṣíwájú. Nígbà tó fi máa dé ínínì kẹjọ Game 7, ó ti rẹ̀ ẹ́. Brandon Guyer ti Cleveland gbá a dé béèsì kejì, Davis di igi mú sókè díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè yá, ó gbá a kọjá ògiri òsì: 6 sí 6.

ọmọ_àdúgbò:
Ẹ ṣeun gan-an. Michael Martinez ti Cleveland wá ńkọ́? Kí ló dé tó fi jẹ́ òun ni onígi ìkẹyìn?

ìwé_ayò:
Ní ínínì kẹsàn-án, Jason Heyward ti Cubs wà ní béèsì kẹta, Cleveland sì fẹ́ ẹni tí apá rẹ̀ lágbára láti ju bọ́ọ̀lù ní pápá ọ̀tún, ni wọ́n bá fi Martinez rọ́pò Coco Crisp. Ètò gígbá Crisp ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Mike Montgomery ti Cubs jù ú, Martinez gbá a, ó yí nílẹ̀, Bryant gbé e, ó jù ú sí Rizzo, eré parí.