Bíárìn kan náà tí mo pààrọ̀ léraléra

Mo ti ka ìrírí gbogbo yín lórí àṣìṣe tí ó kọ́ yín lọ́gbọ́n nídìí iṣẹ́, ó sì wù mí láti fi tèmi kún un, nítorí mo rí i pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó ń bọ̀ nídìí iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ rò pé ẹni tí ó bá ti lè tú ẹ̀rọ kí ó sì tò ó padà ti mọṣẹ́.

Lẹ́yìn tí mo gba ìwé-ẹ̀rí ND, ilé-iṣẹ́ kan lágbègbè Oǹdó, níbi tí wọ́n ti ń lọ kòkó tí wọ́n sì ń fún òróró rẹ̀, ni mo ti lo ọdún kan tí à ń lò lẹ́nu iṣẹ́ kí a tó padà lọ fún HND. Ìdí ẹ̀rọ tí ń ya èèpo kúrò lára kòkó ni wọ́n fi mí sí. Fáànù ńlá kan ni ó ń fẹ́ èèpo náà lọ, mọ́tò oníná sì ni ó ń fi bẹ́líìtì méjì yí i.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mi níbẹ̀, bíárìn fáànù náà, ìyẹn òrùka irin tí ó gbé ọ̀pá rẹ̀ dúró kí ó lè máa yí geere, bàjẹ́. Nọ́ńbà 6308 ni ó wà lára rẹ̀; ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé bí a bá sọ 08 tí ó gbẹ̀yìn di ìlọ́po 5, yóò di 40, tí í ṣe iye mìlímítà tí ihò àárín rẹ̀ fẹ̀. Mo ra tuntun ní Àkúrẹ́, mo fi í sí i, mo sì ki gíríìsì bọ̀ ọ́ títí ó fi kún dé ẹnu. Kò lò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Mo fi òmíràn, òun náà lọ.

Nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ọ̀gá mi ní kí n gbé sípánà sílẹ̀. Ó fi ẹnu súkúrúdíráfà kan ilé bíárìn náà, ó ní kí n gbé etí lé ìdí rẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ dà bí ìgbà tí ènìyàn ń rún àgbàdo sísun gbígbẹ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni ó pa iná, ó fi àgádágodo ti súìṣì, ó sì ki kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bọ àpò ara rẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má ṣe fojú kéré èyí. Mo mọ ẹni tí ìka rẹ̀ méjì lọ nítorí pé ẹlòmíràn tan iná láìmọ̀ pé ó wà nídìí ẹ̀rọ.

A wá na okùn tín-ín-rín láti ojú púlì mọ́tò, ìyẹn àgbá irin tí bẹ́líìtì ń gbà yí, dé ojú púlì fáànù. Okùn náà kan etí méjèèjì lára ti mọ́tò, ṣùgbọ́n etí kan péré ni ó kàn lára ti fáànù. Owó ẹyọ lè gba àlàfo tí ó kù kọjá. Ẹsẹ̀ mọ́tò kan ni kò balẹ̀, bẹ́líìtì sì ń fa ọ̀pá fáànù sí ẹ̀gbẹ́ ní gbogbo ìgbà, títí bíárìn yóò fi jẹ gbogbo ìyà náà. A fi irin pẹlẹbẹ tẹ́ abẹ́ ẹsẹ̀ náà títí okùn fi kan etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀gá tún jẹ́ kí n mọ̀ pé àkúnjù gíríìsì ń mú kí bíárìn gbóná, pé ìdá kan nínú mẹ́ta àyè inú rẹ̀ ti tó. Bíárìn ọjọ́ náà ni mo fi sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí ọdún mi pé.

Ìdáhùn láti Àkúrẹ́:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Níbi tí a ti ń tún wáyà inú mọ́tò wé ni èmi ti kọ́ṣẹ́. Mo gbé mọ́tò ẹ̀rọ ìfami kan padà fún àwọn tí ń ṣe omi inú ọ̀rá. Omi ń jáde, mo sì gbà pé iṣẹ́ ti parí, àfi bí wọ́n ṣe pè pé omi kò lágbára gun táǹkì. Ẹ̀yìn ni mọ́tò náà ń yí sí. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ a máa tu omi díẹ̀ bí ó tilẹ̀ ń yí sẹ́yìn, òun ni ó tàn mí jẹ. Wáyà iná mẹ́ta ni ó wọ inú rẹ̀. Mo fi méjì nínú wọn pààrọ̀ ipò, omi sì gun òkè. Láti ìgbà náà, n kì í tú wáyà láìkọ́kọ́ so òwú aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ wọn lọ́rùn, kí n sì fi ẹfun ya ibi tí ẹ̀rọ ń yí sí sára rẹ̀.