Ta ló kọ́kọ́ ṣe 1080 gan-an: Schaar àbí Khury?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé síkéètì. Àwọn kan ní Tom Schaar ló kọ́kọ́ ṣe 1080 (pípòòyì lẹ́ẹ̀mẹta lókè lórí pátákó síkéètì) ní 2012, àwọn míì ní Gui Khury ni, ní 2020. Èwo ni ká gbà? Kí ló sì dé tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn 900 (òyì méjì àti ààbọ̀) tí Tony Hawk ṣe ní San Francisco ní Òkúdù 1999?

Táyà Mẹ́rin: Àwọn méjèèjì ni, ráàmpù wọn ló yàtọ̀. Orí MegaRamp ní California ni Schaar ti ṣe tiẹ̀, ọmọ ọdún 12 ni. Níbẹ̀, láti òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ńlá lèèyàn ti ń sáré bọ̀, eré yẹn ló ń gbé e fò. Khury, ọmọ ọdún 11, ṣe tiẹ̀ ní Curitiba ní Brazil, lórí ráàmpù U tí wọ́n kàn sílé ìyá rẹ̀ àgbà. Orúnkún nìkan lèèyàn fi ń wá eré lórí U. Lójú tèmi, ti Khury le jù.

Etí Ráàmpù: Òótọ́ ni. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀: ẹni tó bá fò ní mítà 2 kọjá páìpù irin etí ráàmpù, bí ìṣẹ́jú àáyá 1.3 péré ló ní kó tó padà kan páìpù. Tó bá fò ní mítà 4, 1.8 ni, kò tó ìlọ́po méjì. Láàárín ìyẹn ló ti máa pòòyì lẹ́ẹ̀mẹta.

Torí náà, kí táyà tó kúrò létí ráàmpù, orí àti èjìká ti gbọ́dọ̀ máa yí. Tó bá dókè, kó fọwọ́ di pátákó mú ṣinṣin, kó ká orúnkún mọ́ àyà, torí ara tó bá kákò ló ń yí kíákíá. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn tètè nara: òyì á dẹ̀, pátákó á balẹ̀ ní ìbú, táyà ò ní yí, á sì gbéèyàn ṣánlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé kò ní pé, ẹ ju pátákó nù lókè, kẹ́ ẹ fi ìbòrúnkún yọ̀ wálẹ̀.

Ohun míì tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ṣe 900 máa balẹ̀ ní kíkọjú síwájú. Ẹni tó ṣe 1080, ẹ̀yìn ló fi ń lọ, kò rí ibi tó ń balẹ̀ sí dáadáa.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. 1260 tí Mitchie Brusco ṣe ní Minneapolis ní 2019 wá ńkọ́?

Etí Ráàmpù: Iwájú ni. 540, 900, 1260, gbogbo èyí tó bá ní ààbọ̀, iwájú ni. Ṣùgbọ́n MegaRamp lòun náà lò.