Ọ̀dà ń bó lára ògiri tí a fi waterproof dí: ta ló ti ṣe irú ẹ̀ rí?

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí o. Ilé màmá mi ní Ẹ̀bútè, Ìkòròdú. Ẹ mọ bí omi ṣe máa ń gun ògiri níbẹ̀. Ti pálọ̀ ti dé orúnkún. Mo fowó ránṣẹ́, bíríkìlà ha pílásítà kúrò dé ìbàdí, ó fi waterproof, èròjà tó ń dí omi, kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ó tún un rẹ́. Ọjọ́ kẹsàn-án ni akunlé dé, ó gbé sátínì, ọ̀dà tó ń dán, lé e. Ó dán, mo fi fọ́tò rẹ̀ han gbogbo èèyàn. Láàárọ̀ yìí màmá pè mí lórí fídíò, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ògiri: ó ti wú bí ìléròrò iná, omi sì jáde. Akunlé ní kí n fi owó sí i, òun á fi ọ̀dà elépo bò ó, èyí tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀kùn. Ọjọ́ 16 ló kù sí ayẹyẹ 80 ọdún màmá. Ṣé kí n sanwó?

Bọ̀dá Houston: Má san kọ́bọ̀! Irú ọ̀rọ̀ yìí náà ni wọ́n bá mi sọ nígbà tí mo kọ́lé sí Ìgbógbó. Ọ̀dà elépo dí ògiri lẹ́nu, omi tó wà ní orúnkún wá ọ̀nà mìíràn gbà, ó gòkè dé ìdí swíìṣì iná. Mo sanwó ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì, mo tún wá sanwó wáyà. Ó ṣì ń dùn mí.

Àǹtí Toronto: Irú waterproof wo ni? Ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pò bíi símẹ́ńtì ni, àbí olómi tó mọ́ gaara? Torí olómi ni wọ́n fi pa ògiri ìta wa ní Ìmọ̀tà, sílíkónì ni. Nígbà tí a gbé ẹ̀máṣọ̀n, ọ̀dà olómi, lé e, ṣe ló ń yí bọ́ bí omi ojú ewé kókò. Garawa ọ̀dà mẹ́ta ló ṣòfò kí ẹnì kan tó sọ fún wa.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ìyẹ̀fun ni, Àǹtí. Àwọ̀ eérú.

Àbúrò Leeds: Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ ọ̀dà ni mò ń ṣe níbí, ẹ jẹ́ n dá sí i. Símẹ́ńtì ni ìyẹ̀fun yẹn, símẹ́ńtì náà ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Símẹ́ńtì tuntun lágbára bíi omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú. Bí ẹ bá gbé ọ̀dà elépo lé e, epo inú ọ̀dà á di ọṣẹ. Kì í ṣe àfiwé o, ọṣẹ gan-an ni: á rọ̀, á máa yọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ ìka. Ọjọ́ 28 ni kí ẹ fún un, ó kéré tán. Lẹ́yìn náà, pírámà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, tó lè kojú símẹ́ńtì, kí ẹ̀máṣọ̀n tó tẹ̀lé e. Kí ẹ̀máṣọ̀n àkọ́kọ́ ṣàn díẹ̀, kí ògiri lè mu ún. Sátínì ò tíì yá rárá.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Dublin: Àbúrò, ọjọ́ 28 kọ́. Ìyẹn ni iye ọjọ́ tí símẹ́ńtì fi ń gbó, kì í ṣe iye ọjọ́ tí omi fi ń kúrò nínú ògiri. Nígbà tí wọ́n dí omi ilẹ̀ nílé tí a rà níbí, ẹni tó ṣe é sọ fún mi pé íǹṣì kan, oṣù kan. Ògiri wa sì jẹ́ íǹṣì mẹ́sàn-án. Mi ò gbọ́, oṣù kejì ni mo kùn ún. Títí di Kérésìmesì ni mo fi ń ha ọ̀dà, àwọn ọmọ ń wúkọ́.

Àbúrò Leeds: Ògiri bíríkì nílẹ̀ olótùútù nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Oòrùn Ìkòròdú ò ní jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Dublin: Oòrùn wo, nínú oṣù kẹfà? Ṣé o ti gbàgbé òjò ni?

Bọ̀dá Houston: Ẹ fi ọjọ́ sílẹ̀ ná. Ibi tí àṣìṣe wà ni pé inú nìkan ni wọ́n dí. Omi ti wọ ògiri tán, ẹ wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìta ńkọ́? Gọ́tà ńkọ́? Kí ló wà lẹ́sẹ̀ ògiri yẹn?

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ọgbà màmá ni, Bọ̀dá. Ewúro àti ẹ̀fínrín. Àárọ̀ àti alẹ́ ni wọ́n ń bomi rin ín.

Bọ̀dá Houston: Ẹ ò rí i!

Àǹtí Toronto: Bọ̀dá, ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru ẹ̀fínrín o. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fún ògiri tútù. Bí kò bá tilẹ̀ sí ewéko kankan níta, ọ̀dà yẹn á ṣì bó.

Bọ̀dá Houston: Bí wọ́n bá dúró fún ọdún kan tí omi ìta ò dáwọ́ dúró, á bó náà ni. Mo ti sanwó ẹ̀kọ́ yìí, Àǹtí.

Àǹtí Toronto: Èmi náà sanwó. Ó dáa, kò sídìí tí a ó fi máa méfò. Ìyá Ìbejì, ní kí wọ́n ha ọ̀dà ibi tó wú kúrò. Kí wọ́n gé ọ̀rá tó fẹ̀ tó íǹṣì 18 níhà gbogbo, kí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri pinpin, kó di ọjọ́ kejì. Bí ìrì bá sẹ̀ sí ojú tó kọ sí ògiri, omi ṣì ń bẹ nínú ògiri. Bó bá jẹ́ ojú tó kọ sí pálọ̀ ló tutù, èémí inú ilé ni, kí wọ́n máa ṣí fèrèsé.

Ọmọ Àgbádárìgì, Atlanta: Bí wọ́n bá ti ha á tí wọ́n rí nǹkan funfun tó ń hu bí irun lára ògiri, iyọ̀ ni o. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́! Àkísà tútù ni mo fi nu ti ilé bàbá mi, ó mọ́ tónítóní, inú mi dùn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó padà, ó tún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Omi ló yọ́ ọ, ògiri sì fà á mu padà. Burọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí wọ́n fi gbọ̀n ọ́n, kí wọ́n gbá a dànù, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tún un ṣe. Yanrìn etíkun tí wọn ò fi omi ṣan ló fà á nílé wa.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Dublin: Àwọn ará Àgbádárìgì, ẹ ti wá ń fi iyọ̀ kọ́lé! 😂

Ọmọ Àgbádárìgì, Atlanta: Ta ni kẹ́ ẹ bú? Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ wa ló wà, létí ọ̀sà. Wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, wọ́n parí ẹ̀ ní 1845, ó sì ń bẹ níbẹ̀ dòní. Ti Ẹ̀pẹ́ dà?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Dublin: Ilé kan ṣoṣo, láti 1845! Àwa ní ọjà Olúwo. Ẹ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kí ẹ wo ẹja tó ń jà nínú ọpọ́n. Ẹja inú yìnyín ni mò ń jẹ níbí láti ọjọ́ yìí, ojú ẹ̀ ti kú kí n tó rà á.

Bọ̀dá Houston: Ẹja Ẹ̀pẹ́ dùn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ló ń jí ní aago márùn-ún lọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀bútè, kí ìrì ọ̀sà máa fẹ́ sí i lójú títí dé Èkó? Ọmọ Ìkòròdú ni. Ogún ọdún rèé, mo ṣì ń gbọ́ òórùn ibẹ̀: epo ẹ́ńjìnnì, èéfín igi, àkàrà gbígbóná.

Àǹtí Toronto: Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, mo wà níbi iṣẹ́, ẹ má pa mí lẹ́kún.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí ọkàn mi ò fi balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ híha yìí. Ní gbogbo ọdún tuntun, bàbá mi máa ń fi èédú fa ìlà sí ògiri yẹn láti mọ bí a ṣe ga sí i. Àwọn ìlà ìgbà tí a kéré ti bá pílásítà lọ. Tèmi ti ọmọ ọdún méje ṣì wà lókè, lábẹ́ ọ̀dà. Bàbá ti lọ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n kan ibẹ̀.

Àǹtí Toronto: Háà. Fa ìlà fún wọn lórí fídíò, kí wọ́n má kọjá ìbàdí. Ibi tí wọ́n bá ha, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, láìkùn, kí fáànù máa fẹ́ sí i. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, ẹ na aṣọ sára férémù, kó jìnnà sí ògiri díẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba ẹ̀yìn rẹ̀. Fọ́tò màmá á rẹwà níwájú ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ẹ ṣeun, Àǹtí mi. Àbúrò Leeds, pírámà tí o sọ yẹn, kí ni wọ́n ń pè é nínú ṣọ́ọ̀bù ní Ìkòròdú? Ògiri ìta ńkọ́, ta ló mọ ẹni tó lè ṣe é?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, Dublin: Àbúrò mi obìnrin ń tajà ní Olúwo. Ẹja ayẹyẹ ti di tèmi, ẹ sọ iye àlejò nìkan. Aṣọ ẹbí ńkọ́, àwọ̀ wo ni?

Ọmọ Àgbádárìgì, Atlanta: Àgbọn wà lọ́wọ́ mi!

Ìyá Ìbejì, Manchester: Àlùkò àti góòlù ni. Ọlọ́run á san án fún yín.

Bọ̀dá Houston: Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀fínrín ẹsẹ̀ ògiri yẹn se ọbẹ̀ ẹja náà. Gbogbo ẹ̀ ni kí wọ́n já o.