Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìgbà wo ni ẹ̀tọ́ àdàkọ ìwé àti àwo orin ń parí?

Alákàwé: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ tún ìwé ewì àtijọ́ kan tẹ̀, kí n sì gbé àwo tí wọ́n ti fi àwọn ewì náà kọrin sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oṣù kẹta 1955 ni akéwì kú, 1964 ni àwo jáde. Báwo ni mo ṣe máa ṣírò rẹ̀?

Òǹtẹ̀wé: Ẹ fi ọdún 70 kún ọdún ikú akéwì. Bẹ́ẹ̀ ló rí káàkiri Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti níbi púpọ̀ mìíràn. 50 ni ó kéré jù nínú Àdéhùn Berne, àdéhùn tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí ẹ̀tọ́ àdàkọ, àwọn ìlú kan ò sì kọjá ibẹ̀. Ti Mẹ́síkò gùn dé 100. Ẹ má kà á láti oṣù kẹta o! Ìparí ọdún tó kú ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà níbi tó bá jẹ́ 70, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026 ni ewì náà di ti gbogbo ayé. Bó bá jẹ́ ẹni méjì ló jọ kọ ọ́, ikú ẹni tó gbẹ̀yìn là ń kà.

Amòfin_Ìwé: Amẹ́ríkà ò bá wọn rìn lórí èyí. Ìwé tó jáde ṣáájú 1978, ọdún tó jáde ni wọ́n ń kà, 95 gbáko. Àmọ́ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣáájú 1964, tí wọn ò sì sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ dọ̀tun ní ọdún kejìdínlọ́gbọ̀n rẹ̀, ti bọ́ tipẹ́. Ẹ yẹ àkọsílẹ̀ ìsọdọ̀tun wò kí ẹ tó náwó.

Olóhùn: Àwo yẹn gan-an ni ìjọ̀gbọ̀n wà. Ẹ̀tọ́ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ti akéwì, ti ẹni tó ṣe orin sí i, ti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ti akéwì lè parí kí méjì yòókù ṣì wà. Ohùn 1964 wà lábẹ́ òfin Yúróòpù títí di òpin 2034. Ní Amẹ́ríkà, ó di ọjọ́ 15 oṣù kejì 2067. Ẹ má gbé e síbì kankan láìgbàṣẹ.

Alákàwé: Ẹ ṣeun. Ẹ̀dà 1998 ló wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n kàn dà á kọ bó ṣe wà?

Òǹtẹ̀wé: Rárá o. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú, àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé, àwòrán èèpo, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ṣe é àti ọdún ikú tirẹ̀. (Tó bá jẹ́ fọ́tò, ẹni tó yà á là ń wò, kì í ṣe ẹni tó wà nínú rẹ̀.) Ẹ ṣí ẹ̀yìn ojú-ewé àkọlé, ẹ kọ gbogbo orúkọ tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá ọdún ikú wọn nínú kátálọ́ọ̀gì ilé-ìkàwé ìjọba. Tí ẹ bá rí ẹ̀dà àkọ́kọ́, òun ni kí ẹ dà kọ.

Amòfin_Ìwé: Kí 1998 tó wà níwájú ìwé má sì dẹ́rù bà yín. Àtúntẹ̀ lásán kì í fún ewì àtijọ́ ní ẹ̀tọ́ tuntun.